Olówòkéré Bínú sí Ìpele Kìíní

Ọkọ̀ tí Olówòkéré kàn fún Happiness kò mọ ọ̀tún. Bí obìnrin náà bá dorí rẹ̀ kọ Ode Ugbo, òsì ló ń yà sí. Bó bá dorí rẹ̀ kọ Ayétòrò, òsì náà ni. Lọ́jọ́ kẹrin tó gbà á, ó kó èrò mẹ́sàn-án àti àpò pùpùrù méjì ní Ugbonla, ó ní Igbókòdá lòun ń lọ. Ọkọ̀ gbé gbogbo wọn yà sínú koríko ojú omi lẹ́yìn ilé ìjọsìn kan. Àwọn tó ń ṣe ìpàdé àdúrà lọ́wọ́ níbẹ̀ rò pé àlejò ló dé, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìkíni káàbọ̀.

Happiness kò dáhùn orin. Ó yí ọkọ̀ padà, ó di èbúté Olówòkéré, ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo wa.

"Bàbá Rejoice, ẹ káàsán o. Ọkọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ kàn fún mi. Akàn lẹ kàn."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́ lẹ́bàá omi. Olówòkéré gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó ti ń kan ọkọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn, kò sì sí ọkọ̀ rẹ̀ kankan tó padà wá sílé rí, yálà kó jò ni o, tàbí kó wọ́. Kì í sábà lo tépù. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó gún, ńṣe ni yóò lóṣòó síbi orí pákó náà, yóò di ojú òsì, yóò fi ojú ọ̀tún wò ó lọ títí dé ìdí. Ohun tí ojú yẹn bá sọ, abẹ gé e.

Ó lóṣòó báyìí náà. Ó di ojú òsì. Ó fi ojú ọ̀tún wò.

"Ó gún," ó ní. "Ó gún bí ọfà. Ìwọ ni o ò mọ ọkọ̀ wà."

Ẹ̀rín tún bẹ́, nítorí pé ẹni tó dúró sí òdì kejì omi pàápàá rí i pé ìdí ọkọ̀ náà tẹ̀. Jọọlá, ìyàwó rẹ̀, ń sá edé lórí àfárá pákó iwájú ilé wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Bàbá Rejoice, ẹ fi ojú kejì wò ó."

"Kí ló ṣe ojú tí mo fi wò ó?"

"Ẹ ṣáà fi ojú kejì wò ó."

Ó di ojú ọ̀tún, ó fi ti òsì wò. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìlóṣòó yẹn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló tẹ ọkọ̀ yìí?"

Jọọlá di àgbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ fún ọmọ lóògùn, ó gbé ojú rẹ̀ sókè sí oòrùn. Ó ti mọ̀ pé kókó kan wà ní ìpéǹpéjú ọ̀tún ọkọ òun, lókè, níbi tí irun ojú ti ń hù. Eéwo ojú ni wọ́n pè é láti bí oṣù méje. Ó wú, ó fẹ́ lọ, ó tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ẹni tó bá ń yọjú wo obìnrin níbi ìwẹ̀ ni irú ẹ̀ ń mú, Jọọlá sì ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò tíì fi ojú ọ̀sán wo kókó náà dáadáa, àfi lọ́jọ́ yìí. Ó ti tó èso àgbàdo. Ó le. Ó tẹ ẹyinjú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé òkúta lé orí àwọ̀n.

"Ọ̀la la máa lọ bá nọ́ọ̀sì," ó ní.

Nọ́ọ̀sì tó ń sọ yìí ni Nàfísàt, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ìjọba gbé wá sí ilé ìtọ́jú Ugbonla ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Títí di àkókò yìí, tó bá wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di etí ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ á sì wà ní dídì títí yóò fi débi tó ń lọ. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń pe ilé ní "ulé" lọ́dọ̀ wa, ó sì ń fi ṣe fọ́ńté káàkiri. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó ti Olówòkéré, ó fi igi tín-ín-rín kan tó lẹ òwú lórí yí ìpéǹpéjú náà sókè.

"Bàbá, ìgbà mélòó lẹ ti ní eéwo yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ṣé ojú kan náà ni?"

"Ojú kan náà. Ó mọ ilé."

Nàfísàt kò rẹ́rìn-ín. "Irun ìpéǹpéjú yín ńkọ́? Kò sí irun kankan níbi tí kókó yìí wà."

"Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi irun ojú ṣe?"

"Eéwo kì í jẹ irun, Bàbá. Eéwo á wú, á dun èèyàn, á tú, á lọ. Èyí kò dùn yín, kò lọ, irun ló sì ń jẹ. Mi ò ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa kọ lẹ́tà, ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Olówòkéré gba lẹ́tà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó dé ilé, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ agolo ìṣó, ó da ìṣó lé e lórí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí Jọọlá bá béèrè, yóò ní omi ń ru. Bí omi bá rọ̀, yóò ní òjò ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí omi rọ̀ tí oòrùn sì ràn, ó ní nọ́ọ̀sì kò lẹ lẹ́tà náà dáadáa, pé dókítà Àkúrẹ́ lè má gba lẹ́tà tó ṣí sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni sùúrù Jọọlá tán. Ó kó ayùn, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà, Ìyá Rejoice?"

"Ó ti lọ sí Àkúrẹ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ló lọ sí Àkúrẹ́?"

"Àárọ̀ yìí ló lọ. Ó ní òun á máa dúró dè yín lọ́dọ̀ dókítà."

Ọkùnrin tí kò ní irinṣẹ́ kò lè jókòó sí èbúté kó máa wo omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbéra. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ sí Igbókòdá lówùúrọ̀ yẹn sì ni ti Happiness, akàn yẹn gan-an. Happiness ti mọ ìwà rẹ̀ báyìí. Gbogbo èrò ló kó jókòó sí apá ọ̀tún, tí wọ́n fẹ̀yìn tì bí ẹni fẹ́ ṣubú sómi, kí ọkọ̀ lè lọ tààrà. Olówòkéré, tó kàn án, ni wọ́n fi sí ìparí lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí òun ló sanra jù. Kò sọ̀rọ̀ láti Ugbonla títí wọ́n fi dé èbúté. Ìgbà tó ń bọ́ sílẹ̀ nìkan ló kùn sí Happiness pé, "Tí mo bá dé, màá tún un kàn."

Láti Igbókòdá, wọ́n wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa, gba Ọ̀rẹ̀, ó di Àkúrẹ́.

Obìnrin kúkurú kan tó ń jẹ́ Fọláránmi ni dókítà ojú náà. Ó wo ojú Olówòkéré pẹ́. Ó wá yọ rúlà pẹlẹbẹ kékeré kan, ó gbé e ti kókó náà.

"Mílímítà mẹ́jọ," ó ní fún ẹni tó ń bá a kọ̀wé.

Ojú Olówòkéré tàn. "Àṣé rúlà lẹ̀yin náà fi ń ṣiṣẹ́!"

"A máa ń wọ̀n ọ́n, Bàbá."

"Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹni tó bá gé kó tó wọ̀n, igi ìdáná ló ń ṣe."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nítòótọ́. Ó fi ìka tẹ iwájú etí rẹ̀, ó tẹ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ ọrùn, bí ẹni ń wá ìlẹ̀kẹ̀ tó bọ́ sínú aṣọ. Lẹ́yìn náà ló fún un lábẹ́rẹ́, ó gé bíńtín nínú kókó náà fún àyẹ̀wò. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fún wọn ní ìwé láti lọ ya àwòrán inú ọrùn àti àyà. Jọọlá tú ìdí ìró rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fún ọkọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

"Dókítà ní kí n fún yín."

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Olówòkéré ń lu ìṣó, ó ń lu ìka. Jọọlá sá edé títí tó fi jóná. Nígbà tí wọ́n padà dé Àkúrẹ́, Dókítà Fọláránmi ní kí àwọn méjèèjì jókòó, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, Màmá, èsì ti dé. Jẹjẹrẹ ni."

Abẹ̀bẹ̀ tó wà lókè ń yí, ó ń ké kìì, kìì, kìì. Jọọlá na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ohun tí wọn kò ṣe níta gbangba láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Inú ẹṣẹ́ kékeré tó ń mú òróró jáde nínú ìpéǹpéjú ló ti bẹ̀rẹ̀," dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Irú ẹ̀ ló máa ń fara jọ eéwo, tó fi ń tan àwa dókítà pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò tíì ju ojú ìpéǹpéjú lọ. Kò sí nǹkan kan ní iwájú etí, kò sí lọ́rùn, kò sí láyà. Ìpele kìíní ni yín."

Olówòkéré gbé orí sókè. "Kí lẹ pè mí?"

"Ìpele kìíní. Ìpele mẹ́rin ló wà, àti pé..."

"Dókítà, ẹ̀yin ọmọ yìí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń kan ọkọ̀. Èmi ni mo kọ́ ìdajì àwọn tó ń kan ọkọ̀ láti Ugbonla dé Ode Ugbo níṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ló wà, ẹ wá mú èmi, ẹ fi mí sí kíláàsì kìíní? Pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá, kì í ṣe..."

"Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń gbé nǹkan yìí kiri! Ó kéré tán, ẹ fi mí sí ìkejì."

Ẹ̀rù tó ba ọkùnrin náà kò mọ ibi tó máa gbà jáde, ló bá gba ẹnu ìjà jáde. Jọọlá mọ̀ ọ́n, ó ti gbé pẹ̀lú rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé tí òun bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹkún ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó kàn rọra fà á dìde. Dókítà ní kí wọ́n jókòó níta díẹ̀ kí ara wọn balẹ̀, kí wọ́n padà wọlé láti mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Orí bẹ́ǹṣì níta ni ọkùnrin gíga kan jókòó sí, tó dé fìlà, tó fi awò dúdú sójú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohùn Olówòkéré kì í ṣe èyí tí ilẹ̀kùn ń dí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará ilé," ọkùnrin náà ní. "Ọmọ Ìlàjẹ ni yín, mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kòkúmọ́ lorúkọ mi, láti Ayétòrò. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ìpele kìíní ni yín?"

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn," Olówòkéré dáhùn, inú ṣì ń bí i.

"Ìpele kẹta lèmi."

Olówòkéré wò ó tìlara-tìlara. "Ẹ ò rí i! Tíṣà ni yín, ìdí nìyẹn."

Kòkúmọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fi ọwọ́ di awò rẹ̀ mú kó má bọ́. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń fún ọmọ ní máàkì. Ipò kẹta tí mo gbà nìkan ni mi ò lè mú lọ fi han ìyá mi. Bàbá, ẹ jókòó. Ibí yìí, ẹni tó bá ṣe ìkíní ló ń lọ sílé. Ẹni tó bá ṣe ìkẹrin, àdúrà là ń bá a gbà."

Olówòkéré jókòó.

"Ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn," Kòkúmọ́ ní, "kókó tèmi kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn eéwo, mo lò ó. Mo fi síbí gbígbóná jó o. Ẹnì kan ní kí n máa fi omi òkun bọ́jú láàárọ̀, mo bọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ gé e fún àyẹ̀wò, mo ní kí ìdánwò àwọn ọmọ parí ná. Ìdánwò parí. Mo ní kí ọdún Kérésì kọjá ná. Ẹ ti dé Ayétòrò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Mo ti dé ibẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé òkun kò gba ìlú wa lọ́jọ́ kan. Lára ìyanrìn ló ti bẹ̀rẹ̀. A ní ìyanrìn lásán ni. Nǹkan tèmi yìí náà, ìpéǹpéjú ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó yọ awò náà. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ti wú tó fi bo ojú náà pátá, ẹyinjú ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kókó mìíràn tó ẹyin àwòkò sì wà níwájú etí rẹ̀. "Ó ti kọjá sínú ihò ojú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yọ gbogbo ojú náà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà màá lọ gba ìtọ́jú iná, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ, ní Ìbàdàn. Dókítà kò purọ́ fún mi. Ó ní àwọn ará ìpele kìíní, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbàgbé pé àwọn ṣàìsàn rí. Ó ní tèmi, a máa jà. Bó ṣe pè é nìyẹn. Ìjà."

Jọọlá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Olówòkéré wo ojú Kòkúmọ́, kò sá fún un. Ó ti gbàgbé ìbínú.

"Kẹ́ ẹ wá gbọ́ o," Kòkúmọ́ ní bó ti ń dá awò padà, "mo mọ irú yín. Bí wọ́n ṣe ní ìpele kìíní yìí, ẹ ti ń rò ó lọ́kàn pé kò yára, pé ẹ máa kan ọkọ̀ méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó padà wá."

Òtítọ́ ni. Olówòkéré ti ń ka ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́kàn, mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló sì dórí ìkẹta.

"Ọjọ́ wo ni ọjọ́ tó súnmọ́ jù?" ó béèrè lọ́wọ́ Dókítà Fọláránmi nígbà tí wọ́n padà wọlé.

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọ̀la ńkọ́?"

Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Wọn kò mú un sùn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó sọ ojú náà di òkú, wọ́n fi aṣọ bo ìyókù ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí nǹkan fi bo ẹnu rẹ̀.

"Dókítà, ibo lẹ ti ń gé?"

"Níbi tí kókó náà wà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

"Ẹ má gé e lójú ibi tó bàjẹ́ gan-an o. Pákó tó bá rà, ẹ wọ inú ibi tó dáa díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kù á tún rà."

Ọwọ́ Dókítà Fọláránmi dúró. "Bàbá, ta ló kọ́ yín níyẹn?"

"Bàbá mi."

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì náà nìyẹn. Ọdún mélòó ló gbà yín?"

"Ọ̀sẹ̀ kan. Ó nà mí."

Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó ń kó irinṣẹ́ fún dókítà ní láti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó rẹ́rìn-ín parí. Dókítà gé kókó náà pẹ̀lú ara tó dáa yí i ká, ó kó o ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Wọ́n di ojú náà, wọ́n sì dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà dé lọ́jọ́ mélòó kan sí i pé etí ibi tí wọ́n gé mọ́, pé kò sí jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀, dókítà fa ara ìpéǹpéjú tó kù pọ̀, ó rán an. Olówòkéré ní kó jẹ́ kí ojú rírán náà gún. Ó gún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló lóṣòó síbi orí ọkọ̀ Happiness, ó di ojú òsì, ó fi ojú ọ̀tún wò ó, ó sì bú ara rẹ̀ ní èébú tí mi ò lè kọ síbí. Ó tú ìdí ọkọ̀ náà, ó tún un kàn. Happiness ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, pé àwọn èrò òun kan ti wá fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ ni pé ìpéǹpéjú náà ti kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ. Tí oòrùn bá mú tàbí tí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́, ojú ọ̀tún Olówòkéré á ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ sí opó kan lọ́jà Ugbonla, opó náà sì gbé ìṣasùn ọbẹ̀ marúgbó wá sílé lọ́jọ́ kejì. Jọọlá gbà á pẹ̀lú ọpẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ìṣasùn, ó dá a padà fúnra rẹ̀, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún obìnrin yẹn látòkèdélẹ̀, títí kan mílímítà.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ fún àyẹ̀wò lọ́dún àkọ́kọ́. Ó rí i dájú pé ọjọ́ tòun àti ti Kòkúmọ́ ṣe déédéé. Wọ́n á pàdé ní Igbókòdá, wọ́n á jọ wọ mọ́tò, Kòkúmọ́ pẹ̀lú aṣọ dúdú tó fi bo ihò ojú rẹ̀, Olówòkéré pẹ̀lú ojú tó ń ṣẹ́. Awakọ̀ kan ní Ọ̀rẹ̀ béèrè irú ìjà tí àwọn bàbá yìí jà. Kòkúmọ́ ní ara wọn làwọn bá jà, pé ṣùgbọ́n àwọn ti parí rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, Kòkúmọ́ ń kọ́ Olówòkéré ní gbólóhùn èdè Òyìnbó, Olówòkéré ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ pákó tó ti gbó nípa ìró rẹ̀.

Lọ́dún kejì, dókítà tẹ ọrùn Kòkúmọ́, ìka rẹ̀ sì dúró síbì kan. Jẹjẹrẹ náà ti padà wá, ó ti gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún jà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń pè é. Wọ́n jà fún oṣù mọ́kànlá. Ọjọ́ ìkẹyìn tí Olówòkéré lọ kí i ní Ayétòrò, ọkùnrin náà kò lè gbé orí sókè mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú.

"Ọ̀gá ọkọ̀, ìpele wo lẹ wà báyìí?"

"Ìkíní náà ni. Wọn ò gbé mi sókè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ̀wé ló ń pẹ́ ní kíláàsì kìíní, ẹ̀yin, ẹ jẹ́ dáńgájíá tó ń pẹ́ níbẹ̀."

Ó kú lọ́sẹ̀ yẹn. Olówòkéré ló kó pákó lọ sí Ayétòrò tó sì kan pósí rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Jọọlá tó bá a lọ ní òun kò rí i kó sunkún níbi ìsìnkú, àmọ́ pé bí àwọn ṣe ń padà bọ̀ lójú omi, ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ṣẹ́, ojú òsì náà sì ń ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò mú.

Láti ìgbà yẹn ni ọkùnrin yìí ti di ìyọnu fún gbogbo wa. Tó bá rí ọ ní èbúté, kó tó kí ọ tán, ó ti di orí rẹ mú, ó ti ń wo ìpéǹpéjú rẹ. Ó ń ka irun ojú. Bí o bá ní eéwo, o wọ gàù. Ó á béèrè ìgbà mélòó, ó á béèrè bóyá ojú kan náà ni, ó á sì rìn tẹ̀lé ọ dé ilé ìtọ́jú kó má baà jẹ́ pé o fi lẹ́tà sí agolo ìṣó. Àwọn pẹja-pẹja méjì ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sójú omi nítorí rẹ̀. Ó wo ojú adarí akọrin ìjọ. Ó wo ojú òṣìṣẹ́ epo kan tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Nàfísàt wá bá a nílé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú títí tó fi gúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Èèyàn mẹ́rìnlélógún lẹ ti kó wá bá mi látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Eéwo lásán ni mẹ́tàlélógún."

"Ẹnì kan tó kù ńkọ́?"

"Bàbá kan ni, láti Ode Ugbo. Wọ́n ti gé e ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mílímítà mẹ́rin."

"Ìpele wo?"

"Ẹ ti mọ ìpele náà, Bàbá."

Olówòkéré mi orí, ó ń rò ó. "Mẹ́rin," ó ní. "Ó kéré sí tèmi."

"Ó kéré sí tiyín."

"Ẹ̀yin náà, Nọ́ọ̀sì, ẹ súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Ojú òsì yín yẹn ń pọ́n."

"Bàbá! Omi ló ta sí i!"

"Ẹ ṣáà súnmọ́ ìmọ́lẹ̀."